Ẹrù Tí A Gbé Lé Kẹ́yìn: Ìtàn Èdè Forth àti Òǹkà Àwọn Baba Wa

Kò sí ilé kan ní Odode Ìdànrè tí kò mọ àpò kòkó. Nígbà ìkórè, a ó máa tò wọ́n léra wọn títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Èyí tí a kọ́kọ́ gbé wọlé a wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí a gbé wọlé kẹ́yìn a sì wà lókè téńté. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé tí a fẹ́ kó wọn jáde, kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò lọ fa ti ìsàlẹ̀ yọ, kí gbogbo rẹ̀ má bàa wó lù ú. Ti òkè ni a ó kọ́kọ́ gbé, lẹ́yìn náà èyí tí ó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi kan ilẹ̀. Ẹrù tí a gbé lé kẹ́yìn ni a kọ́kọ́ ń sọ̀. Alágbàṣe gbogbo ni ó mọ òfin yìí, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n lórí òfin kékeré yìí ni a gbé èdè kan kalẹ̀ ní òkè òkun, tí àwọn ènìyàn fi ń bá ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Orúkọ èdè náà ni Forth. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, a ó sì fi ìdí tí ó fi kàn wá nílé hàn yín.

Ìbéèrè ọmọdé kan ni ó mú wa dé ìdí ìtàn náà. Ní ọjọ́ kan tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní òǹkà Yorùbá, a kọ 45 sí ojú pátákó, a ní kí wọn pè é. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni ìdí rẹ̀ tí a fi ń dààmú pẹ̀lú márùn-ún-dín-láàádọ́ta, nígbà tí forty-five ti wà nílẹ̀? Ti òyìnbó ń lọ síwájú. Tiwa ń fi ẹ̀yìn rìn." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa kò rí èsì kan fún un, ni a bá ní kí ó jókòó, kí ó má ṣe àfojúdi. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára wa fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe àfojúdi ni ó ṣe. Ìbéèrè tòótọ́ ni ó bi wá, a kò sì mọ ìdáhùn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí àwa ti jáde wá, a kọ́ wa ní ìṣirò dáradára, ṣùgbọ́n a kò kọ́ wa ní ìdí tí òǹkà wa fi rí bí ó ti rí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè náà sí apá kan ná, gẹ́gẹ́ bí ẹni gbé àpò kan lélẹ̀. A ó padà wá gbé e.

Ní ọdún 1924, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Póláǹdì, Jan Łukasiewicz ni orúkọ rẹ̀, rí i pé bí a bá kọ àmì iṣẹ́ ṣáájú àwọn ohun tí a fẹ́ fi í ṣe, a kò ní ní í fi ṣe mọ́ láti máa fi àmì ṣe ọgbà yí ọ̀rọ̀ ká. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e yí ètò náà padà: wọ́n kọ àwọn nọ́ńbà ṣáájú, wọ́n sì fi àmì tẹ̀ lé wọn. Ní ilé-ìwé, a máa ń kọ 3 + 4. Ní ètò tuntun yìí, a ó kọ ọ́ báyìí: 3 4 +. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Mú mẹ́ta; mú mẹ́rin; pa wọ́n pọ̀." Bí a bá sì fẹ́ sọ èsì náà di ìlọ́po márùn-ún, a ó wí pé: 3 4 + 5 ×. A kò ní láti béèrè pé èwo ni a ó kọ́kọ́ ṣe, nítorí bí a ti ń kà á lọ láti òsì sí ọ̀tún ni a ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n níbo ni ẹ̀rọ yóò fi àwọn nọ́ńbà náà sí nígbà tí ó ń dúró de àmì? Ní ọdún 1957, àwọn ará Jámánì méjì, Friedrich Bauer àti Klaus Samelson, béèrè ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba fún ọgbọ́n kan tí ó dáhùn ìbéèrè yìí. Ní ọdún kan náà, Charles Hamblin ní ilẹ̀ Ọsirélíà gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ jáde. Ọgbọ́n náà kò ju ti àpò kòkó wa lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá rí nọ́ńbà, yóò gbé e lé orí òkìtì. Nígbà tí ó bá rí àmì, yóò sọ méjì tí ó wà lókè kalẹ̀, yóò fi wọ́n ṣe iṣẹ́ tí àmì náà wí, yóò sì gbé èsì rẹ̀ padà sórí òkìtì. Èyí tí a gbé lé kẹ́yìn ni a kọ́kọ́ ń lò.

Nísinsìnyí a dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fi òkìtì yìí ṣe èdè. Charles Moore, ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí ní 1938, ń bá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kan ṣiṣẹ́ ní ìparí ọdún 1950 sí 1959. Ó ń ṣírò ọ̀nà tí àwọn ohun tí a jù sí òfúrufú fi ń yí ayé po. Ní ìgbà nì, kọ̀ǹpútà tóbi bí ilé, ó sì lọ́ra. Bí ènìyàn bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó di dandan kí ó tún gbogbo rẹ̀ kó sínú ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdúró yìí sú Moore. Ó kọ ohun kékeré kan tí ó lè gba ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó sì ṣe é lójú ẹsẹ̀. Láti ibi iṣẹ́ kan dé èkejì, ó ń gbé e dání bí gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń gbé àpótí irin-iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi díẹ̀ díẹ̀ kún un.

Ní 1968, ó wà ní ilé-iṣẹ́ Mohasco ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn tí ń hun aṣọ ìtẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti sọ ohun náà lórúkọ. Ó fẹ́ pè é ní Fourth, èyí ni "ìkẹrin", nítorí ó kà á sí ti ìran kẹrin nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ IBM 1130 tí ó ń lò kì í gba orúkọ tí ó ju lẹ́tà márùn-ún lọ. Ó yọ lẹ́tà kan kúrò, orúkọ sì di Forth títí di òní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979, ó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ ojú ọ̀run ní orí òkè Kitt Peak ní Arizona, níbi tí ẹ̀rọ ńlá kan wà tí ìbú ẹnu rẹ̀ tó mítà mọ́kànlá, tí ń gba ìró tí ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ wá. Forth ni a fi ń darí ẹ̀rọ náà. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Elizabeth Rather kọ́ èdè náà níbẹ̀. Òun ni ènìyàn kejì ní gbogbo ayé tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ní 1973, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa tà á.

Ẹ wo ìwà èdè yìí. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ni a ń pè ní "ọ̀rọ̀", ibi tí a kó wọn pa mọ́ sí ni a sì ń pè ní ìwé-atúmọ̀. Ẹni tí ń kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà ní Forth kò ṣe ju pé kí ó kọ́ ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ tuntun nípa ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń fi àmì oníkókó méjì bẹ̀rẹ̀, ó sọ orúkọ ọ̀rọ̀ tuntun, ó túmọ̀ rẹ̀, ó sì fi àmì yìí (;) parí rẹ̀. Nígbà tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ tuntun náà di ọ̀kan pẹ̀lú ti àtijọ́, a sì lè fi òun náà túmọ̀ òmíràn. Àwa tí a mọ iṣẹ́ Ajayi Crowther, tí a tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ní London ní 1843, a mọ bí ọ̀rọ̀ kan ti í ṣílẹ̀kùn fún òmíràn.

Ohun kejì ni pé ó kéré. Gbogbo rẹ̀ lè wọ inú ibi ìpamọ́ tí kò ju ẹgbẹ̀rún lẹ́tà mélòó kan lọ, débi pé ẹnì kan ṣoṣo lè jókòó kí ó ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì yé e. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Nítorí kíkéré yìí ni ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò wá owó. Ní 1977, àwọn kọ̀ǹpútà kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, olúkúlùkù sì fẹ́ mọ ohun tí ó lè fi tirẹ̀ ṣe. Ní 1978, àwọn kan ní California kó ara wọn jọ, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ wọn ní Forth Interest Group, èyí ni ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ Forth. Nígbà tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọn a jókòó ti ẹ̀rọ wọn ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kọ Forth fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ tí ó wà nígbà náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá fẹ́ ní owó kékeré. Wọn kò fi òfin dè é: ẹnikẹ́ni lè dà á kọ, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá gba ìwé náà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, bí ọmọ ilé-ìwé ti í da ẹ̀kọ́ kọ láti ojú pátákó. Bí ó sì ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ó ń yé e. Ní 1981, Leo Brodie kọ ìwé kan, Starting Forth, tí ó fi àwòrán ẹlẹ́rìn-ín kọ́ni ní ohun tí ó le, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó sì ti ipa rẹ̀ wọlé.

Ní 1982, Richard Altwasser àti Steven Vickers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ̀ǹpútà ilé kékeré kan tí wọ́n pè ní Jupiter Ace. Àwọn méjèèjì ti bá wọn ṣe ẹ̀rọ Sinclair Spectrum rí, èyí tí ó gbajúmọ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ ilé yòókù ń sọ èdè BASIC. Èyí jí, ó sì ń sọ Forth. Ó yára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọjà kò gbà á. Àwọ̀ dúdú àti funfun nìkan ni ó lè fi hàn nígbà tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ àwọ̀ mèremère, èdè rẹ̀ sì ṣàjèjì sí àwọn òbí tí yóò rà á. Ní 1983, ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ohun tí ó dára ni í borí nígbà gbogbo.

Èdè náà ní àléébù tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó ti rọrùn fún olúkúlùkù láti dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó rọrùn kí ti Táíwò má yé Kẹ́hìndé. Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ní láti péjọ kí wọ́n fẹnu kò. Wọ́n ṣe é ní 1979, wọ́n tún ṣe é ní 1983, àjọ tí ń fi ìdí òṣùwọ̀n múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní 1994. Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Àwa náà ti kọ èdè wa ní oríṣiríṣi ọ̀nà rí, kí àwọn ìránṣẹ́ CMS tó pé jọ ní Èkó ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1875 láti fi ìlànà ìkọ̀wé kan lélẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kékeré náà kò kú. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Bélú 2014, ọkọ̀ kékeré kan tí ń jẹ́ Philae, tí àwọn ará Yúróòpù rán lọ ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, bà lé orí ìràwọ̀ onírù kan ní òfúrufú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ó ta sókè, ó tún balẹ̀ níbi òjìji, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó ju ọjọ́ méjì lọ kí agbára rẹ̀ tó tán. Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, RTX2010, òkìtì ni a fi dá a láti ìpìlẹ̀ wá, Forth ni a sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n àpò kòkó dé ojú ọ̀run.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé, kí a gbé àpò tí a fi sílẹ̀. Ní 1887, Adolphus Mann, ìránṣẹ́ CMS tí ó ti gbé Ìjàyè kí ogun tó pa ìlú náà run ní 1862, tẹ ìwé kan jáde lórí òǹkà wa. Ó ṣe àpèjúwe bí àwọn baba wa ti í ka owó ẹyọ: wọn a da àpò sílẹ̀, òǹkàwé a kúnlẹ̀ tì í, a máa fa márùn-ún márùn-ún títí yóò fi di ogún ìgbà, èyí ni ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì a di igba, a ó sì gbá wọn jọ. Ọ̀kẹ́ kan, èyí ni àpò kan, jẹ́ 20,000. Mann rò pé láti inú iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni òǹkà wa ti jáde wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà náà nọ́ńbà Yorùbá kì í ṣe orúkọ lásán. Ìròyìn iṣẹ́ ni.

Ẹ gbọ́ márùn-ún-dín-láàádọ́ta. Kí ni ẹnu kọ́kọ́ pè? Márùn-ún. A gbé e lélẹ̀. A kò tí ì mọ ohun tí a ó fi ṣe. Àádọ́ta ńkọ́? Ẹ̀wá tí ó dín nínú ọgọ́ta ni, nítorí náà ẹ̀wá ni a tún gbé lé e. Ọgọ́ta ńkọ́? Ogún ni, ní ọ̀nà ẹ̀ta. A gbé ogún lé e, a sì gbé ẹ̀ta lé e. Òkìtì wa dúró báyìí láti ìsàlẹ̀ dé òkè: 5, 10, 20, 3. Nígbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ọ́ láti òkè. Ẹ̀ta àti ogún di ọgọ́ta. A yọ ẹ̀wá nínú ọgọ́ta, ó di àádọ́ta. Nígbẹ̀yìn, a dé orí márùn-ún tí a ti gbé sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a yọ ọ́, ó sì ku 45. Èyí tí ẹnu kọ́kọ́ pè ni ọwọ́ lò kẹ́yìn.

Nítorí pé Forth kò kọ orúkọ kankan, a lè kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan wà, SWAP, tí ń mú kí méjì tí ó wà lókè pààrọ̀ ipò; àmì ìràwọ̀ sì ni ó fi ń ṣe ìlọ́po. A ó túmọ̀ "dín" fún un báyìí:

: DIN SWAP - ;

Lẹ́yìn náà, a ó wí fún un pé:

5 10 20 3 * DIN DIN .

Àmì ìdánudúró tí ó gbẹ̀yìn ní kí ó sọ ohun tí ó rí. Yóò dáhùn pé 45. Bí a bá fẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, èyí ni ọgọ́rùn-ún tí ó dín nínú igba mẹ́rin, a ó wí pé 100 200 4 * DIN . yóò sì dáhùn pé 700. Àwọn nọ́ńbà náà tẹ̀ lé ara wọn gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń pè wọ́n, a kò yí ọ̀kan padà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọ̀rọ̀ wa kọjá ibi tí ó dé. A kò wí pé Moore gbọ́ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni a kò wí pé àwọn baba wa ní kọ̀ǹpútà. "Dín" wa a máa wà láàárín ọ̀rọ̀, ti Forth sì wà lẹ́yìn. A kò sì sẹ́ pé òǹkà wa le fún ọmọ tí ó bá fẹ́ há a sórí láìmọ ìdí rẹ̀. Ohun tí a wí ni pé òǹkà tí ọmọ wa ń fi ṣe ẹlẹ́yà pé ó ń fi ẹ̀yìn rìn, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́ pẹ̀lú èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé béèrè ìwé àṣẹ lé lórí ní 1957: ó ń kọ́ ọkàn láti gbé ohun kan dání, kí ó sì dúró títí àkókò rẹ̀ yóò fi tó. Bí a bá jẹ́ kí òǹkà yìí kú ní ilé-ìwé wa, kì í ṣe orúkọ nọ́ńbà nìkan ni a ó sọnù, bí kò ṣe ọ̀nà kan tí ènìyàn lè fi ronú.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ kò bá ní kọ̀ǹpútà, òkúta wẹ́wẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan máa pe nọ́ńbà, kí òmíràn máa kọ ọ́ sára òkúta kí ó sì máa tò ó léra. Àwa ṣe é ní Odode. A pe ọmọkùnrin tí ó bi wá ní ìbéèrè, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì fi òkúta mẹ́rin lé e lọ́wọ́. Ó tò ó, ó sọ̀ ọ́, ó dé orí márùn-ún, ó sì dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Sà, kì í ṣe pé ó ń fi ẹ̀yìn rìn. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni."

Ó sọ òótọ́. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni a fi ń gun Òkè Ìdànrè, níbi tí àwọn baba wa gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹni tí ó bá gun òkè náà mọ̀ pé àtẹ̀gùn tí òun tẹ̀ kẹ́yìn ni òun yóò kọ́kọ́ tẹ̀ nígbà tí òun bá ń padà bọ̀. Àwọn baba wa kúrò lókè, ṣùgbọ́n wọn kò wó ààfin àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀. Ó ṣì dúró, a sì lè gòkè lọ wò ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a ṣe sí òǹkà wa. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ti òyìnbó, kí ó yè kooro lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí koríko hù bo ọ̀nà òkè.